Ouèssè Wo Lẹ Ń Wí?

Ní ẹ̀kùn Collines, láàárín gbùngbùn ilẹ̀ Benin, ẹni tó bá ní Ouèssè lòun ti ń bọ̀ kò tíì sọ ibi tó ti ń bọ̀. Ouèssè kan wà lápá àríwá Savè tó jẹ́ odidi commune, ìyẹn ohun tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ìjọba ìbílẹ̀. Nínú commune yẹn náà, arrondissement kan, ìyẹn ìpín kan lábẹ́ commune, wà tó ń jẹ́ Ouèssè. Ẹ wá kọjá sí Savalou: nínú arrondissement mẹ́rìnlá tí Savalou ní, ọ̀kan ń jẹ́ Ouèssè. Bantè náà kò gbẹ́yìn. Commune ni Bantè, ó sì ní arrondissement mẹ́sàn-án, Agoua, Akpassi, Gouka, Koko, Pira àtàwọn yòókù, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn wà tí wọ́n ń pe òun náà ní Bantè. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kì í tìtorí èyí ṣìnà. Bí èèyàn bá ń bá wọn sọ̀rọ̀ lójú títì tó gba Savalou kọjá sí Bantè, tó sì forí lé Djougou, wọ́n á ti mọ Ouèssè tó ń wí kó tó sọ gbólóhùn kejì. Kọ̀ǹpútà ni kò lè mọ̀, àfi bí ẹnì kan bá sọ fún un.

Ẹni tó ń sọ fún un yẹn ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í hàn síta. Bó bá ṣe é dáadáa, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó ṣe ohunkóhun: ìwé á jáde nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, akọ̀wé mairie, ìyẹn ọ́fíìsì commune, á lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ parí. Bó bá ṣe é wúruwùru, ìwé náà á ṣì jáde, wọ́n á ṣì lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó sì lè pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ìdí tí arrondissement mẹ́rìnlá fi ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. SQL ni èdè tó fi ń bá dátábéèsì, ìyẹn àká ìsọfúnni inú kọ̀ǹpútà, sọ̀rọ̀. Ibi tí mo fẹ́ ká ti wo ọwọ́ rẹ̀ ni ìgbà tí tábìlì méjì bá pàdé, tí kọ́lọ́ọ̀mù tó wà nínú èyí àti èyí tó wà nínú ìyẹn sì ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Ẹ jẹ́ ká gbé tábìlì méjì náà kalẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ communes. Kọ́lọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ rẹ̀ ni id, nọ́ńbà tí kò jọ ti ẹlòmíràn. Èkejì ni nom, tó ń tọ́jú orúkọ, torí Faransé ni èdè iṣẹ́ ọ́fíìsì ní Benin. Ẹ̀kẹta ni departement, ìyẹn ẹ̀kùn. Tábìlì kejì ń jẹ́ arrondissements. Òun náà ní id, ó ní nom, ó sì ní commune_id, ìyẹn nọ́ńbà commune tó ni ín. Ìdí tí a kò fi kúkú kọ "Savalou" sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ni pé ohun tí a bá kọ lẹ́ẹ̀mẹrìnlá, kò ní ṣàìsí ibi tí a ó ti ṣì í kọ. Bó bá jẹ́ Bantè ni, ẹnì kan á kọ Bantè, ẹlòmíràn á gbàgbé àmì orí lẹ́tà tó kẹ́yìn, ẹnì kẹta á fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo rẹ̀. Lójú ọ̀pọ̀ dátábéèsì, ìlú mẹ́ta nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ nínú ètò yìí. Orúkọ commune ni nom nínú tábìlì tirẹ̀, orúkọ arrondissement ni nom nínú tábìlì tirẹ̀; inú ilé kálukú, ọ̀rọ̀ náà yé wọn. Ìgbà tí ẹnì kan bá fẹ́ rí méjèèjì lórí ewé kan náà ni ìjà bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ yẹn kò sì ní ṣàìdé. Benin ní ẹ̀kùn 12, commune 77 àti arrondissement 546. Ìwé tó bá máa wúlò fún ìjọba, yálà ti ilé ìwé ni tàbí ti ìbò tàbí ti oko kajú, gbọ́dọ̀ sọ arrondissement, kó sì sọ commune tó wà.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ máa ń kọ ọ́ báyìí:

SELECT nom
FROM arrondissements
JOIN communes ON commune_id = communes.id;

Dátábéèsì á kọ̀ jálẹ̀. PostgreSQL á ní: column reference "nom" is ambiguous. MySQL á fi nọ́ńbà àṣìṣe 1052 dáhùn, Oracle á kọ ORA-00918. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè: nom ta ni? Ọmọ iṣẹ́ máa ń bínú sí èsì yìí, ṣùgbọ́n oore ni wọ́n ṣe é. Ẹ̀rọ tó dákẹ́ tó sì mú ọ̀kan nínú méjèèjì ni ká máa bẹ̀rù, a ó sì dé ọ̀dọ̀ ìyẹn láìpẹ́.

Ẹni tó ń kánjú á fi communes ṣáájú nom tó dá wàhálà sílẹ̀, ìbéèrè rẹ̀ á lọ, á sì dìde nídìí iṣẹ́. Ẹ wá wo bí ẹni tó mọṣẹ́ ṣe ń kọ ọ́:

SELECT arr.nom AS arrondissement,
       com.nom AS commune
FROM arrondissements AS arr
JOIN communes AS com
  ON com.id = arr.commune_id
WHERE arr.nom = 'Ouèssè';

Ìlà méjì ni yóò jáde fún ẹ̀kùn Collines. Ìlà kan á sọ pé Ouèssè, Savalou. Ìlà kejì á sọ pé Ouèssè, Ouèssè. Ẹ̀yin náà ẹ wo ìlà kejì yẹn dáadáa. Bí kì í bá ṣe àkọlé méjì tó wà lókè, ta ló lè sọ èyí tó jẹ́ commune nínú wọn?

Nǹkan méjì ló ṣe níbẹ̀ yẹn, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Àkọ́kọ́, ó fún tábìlì kọ̀ọ̀kan ní ìnagijẹ, arr àti com, ó sì fi ìnagijẹ náà ṣáájú gbogbo kọ́lọ́ọ̀mù, títí kan commune_id tí ẹnikẹ́ni kò bá du orúkọ. Dátábéèsì ló ṣe èyí fún. Èkejì ni AS tó fi sẹ́yìn nom kọ̀ọ̀kan: ìyẹn ni àkọlé tí yóò hàn lórí èsì, ọmọ ènìyàn ló sì ṣe é fún. Akọ̀wé tí wọ́n bá gbé ìwé náà fún ní Bantè kò ní rí arr, kò ní rí com, kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ẹnì kan kọ ìbéèrè kankan. Àkọlé ló máa kà. Mo ti rí àwọn oníṣẹ́ tí ọwọ́ wọn mọ́ tónítóní lórí ti àkọ́kọ́, tí wọ́n sì dá nom àti nom_1 padà fún akọ̀wé lókè ìwé, bí ẹni pé òun ló yẹ kó lọ wá ìdí rẹ̀.

Mo bi obìnrin kan, ọmọ Bantè tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun ní Kútọnu, ìdí tí kì í fi lo a àti b fún ìnagijẹ gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe. Ó wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá kọ a.nom, ẹ ò ní mọ ẹni tí a jẹ́ àfi tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lọ wo FROM. Ìbéèrè mi lè gùn tó ojú ewé méjì. Mi ò fẹ́ kí ẹ máa sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ tún máa gòkè."

Mo fara mọ́ ọn. Ní ti t1, t2, t3 tí àwọn ètò kan máa ń fúnra wọn kọ, kí ẹ̀rọ máa bá ẹ̀rọ sọ ọ́.

Ó yẹ ká sọ̀rọ̀ ìràwọ̀ wàyí. Ẹni tí kò fẹ́ to kọ́lọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan á kọ SELECT *, tó túmọ̀ sí pé kó gbogbo rẹ̀ wá. Dátábéèsì kò ní janpata rárá. Á kó kọ́lọ́ọ̀mù mẹ́fà jáde: id, nom, commune_id ti arrondissement, lẹ́yìn náà id, nom, departement ti commune. Id méjì, nom méjì, wọ́n tò gbọọrọ, kò sí ohun tó fọ́. Ìgbà tí ètò tó ń gba èsì náà bá fẹ́ fi orúkọ tọ́jú wọn ni nǹkan bàjẹ́. Nínú PHP, èdè tí ọ̀pọ̀ ìkànnì ayélujára ṣì fi ń ṣiṣẹ́, mysqli_fetch_assoc máa ń to èsì sábẹ́ orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù, orúkọ kan kò sì lè gba méjì. Èyí tó dé kẹ́yìn ló ń jókòó. Èyí tó ti wà níbẹ̀ á pòórá, láìsí ìkìlọ̀, láìsí nọ́ńbà àṣìṣe.

Nínú àpẹẹrẹ wa, ti commune ló dé kẹ́yìn. Nítorí náà Tchetti, tó wà lápá ibi tí ilẹ̀ Togo ti bá Benin pààlà, tí àwọn Ifẹ̀ ń gbé, á jáde pẹ̀lú orúkọ Savalou. Doumè, Savalou. Logozohè, Savalou. Èyí ṣì dára, torí ojú lè rí i. Ọmọ ilẹ̀ náà tó bá gbé ìwé yẹn dání á pariwo. Ẹ wá wo ìlà Bantè. Arrondissement Bantè pòórá, commune Bantè jókòó sípò rẹ̀, ohun tó sì hàn lójú ìwé ni Bantè. Ó pé. Ó jọ òótọ́. Ṣùgbọ́n id tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti yí padà: nọ́ńbà commune ló wà níbi tó yẹ kí nọ́ńbà arrondissement wà. Bí akọ̀wé bá tẹ bọ́tìnnì láti tún nǹkan ṣe lórí ìlà yẹn, ètò náà á gbé nọ́ńbà tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ sínú tábìlì arrondissements, á bá ẹlòmíràn tó ń jẹ́ nọ́ńbà ọ̀hún níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ ibì kan lẹ́bàá òkun, àtúnṣe Bantè á sì bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹni yẹn.

Ohun tó mú mi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí Bantè àti Savalou nìyí. Níbi tí orúkọ commune àti ti arrondissement kò bá jọra rárá, ojú ń ran oníṣẹ́ lọ́wọ́: ó rí Savalou níbi tó yẹ kí Tchetti wà, ó mọ̀ pé òun ti ṣì í. Níbi tí orúkọ bá ti bára mu, ojú kò wúlò mọ́. Èsì tó tọ́ àti èsì tó ṣì á jọra bí ìbejì. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe é tán kó tó wo bóyá ó tọ́. Inú bó ṣe ń kọ ọ́ ni títọ́ rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Edgar Codd, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ fún IBM ní San Jose ní California, ló tẹ àpilẹ̀kọ jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1970 tí gbogbo dátábéèsì onítábìlì fi ẹsẹ̀ lé. SQL fúnra rẹ̀ kò tíì sí nígbà yẹn. Donald Chamberlin àti Raymond Boyce ló gbé e jáde ní 1974, SEQUEL ni wọ́n sì kọ́kọ́ pè é. Síbẹ̀ Codd ti rí ìjà orúkọ yìí tẹ́lẹ̀. Ó mú àpẹẹrẹ ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tí a fi ẹ̀yà mìíràn kó jọ: nínú tábìlì kan ṣoṣo, kọ́lọ́ọ̀mù méjì ló ń tọ́ka sí ẹ̀yà. Ó ní kí a má ṣe máa kà á pé ti àkọ́kọ́, ti èkejì, torí kò yẹ kí ẹni tó ń lò ó máa há ipò wọn sórí. Kí a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tó sọ iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀: èyí ni ẹ̀yà tó wà nínú, èyí ni ẹ̀yà tó gbà á sínú.

Orúkọ tó ń sọ ipò ẹni, ìyẹn kò ṣàjèjì sí wa. Obìnrin kan náà tó jẹ́ Àjọkẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ni Ìyá Bọ́lá lójúlé ọkọ rẹ̀, ẹni tó bá sì pè é ní Ìyá Bọ́lá ti sọ ìdí tó fi ń pè é. Ibi tí SQL ti ń ṣe irú rẹ̀ gan-an ni ìgbà tí tábìlì kan bá pàdé ara rẹ̀. Ẹ mú ọ̀rọ̀ ìwé ìbí. Láti ìgbà tí òfin 2017-08 ti jáde ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 2017 nípa ìdánimọ̀ ènìyàn ní Benin ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti di ti ẹnì kọ̀ọ̀kan: ọmọ ní tirẹ̀, ìyá ní tirẹ̀, bàbá ní tirẹ̀. Bí èèyàn bá wá ṣe tábìlì kan fún gbogbo ènìyàn, inú tábìlì kan náà ni ọmọ, ìyá àti bàbá máa wà, kọ́lọ́ọ̀mù wọn á sì bára mu láti òkè dé ilẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí ìlà kan gbọ́dọ̀ pe tábìlì náà lẹ́ẹ̀mẹta:

SELECT enfant.nom AS enfant,
       mere.nom   AS mere,
       pere.nom   AS pere
FROM personnes AS enfant
LEFT JOIN personnes AS mere ON mere.id = enfant.mere_id
LEFT JOIN personnes AS pere ON pere.id = enfant.pere_id;

Kò sí ọgbọ́n mìíràn níbí. Láìsí ìnagijẹ, dátábéèsì kò ní gbà kí tábìlì kan wọlé lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n p1, p2, p3 ì bá tó dátábéèsì. Ẹni tó kọ enfant, mere, pere ń ronú nípa ẹni tó máa wá ka ìbéèrè náà lẹ́yìn òun. Ẹ sì kíyè sí LEFT tó wà níbẹ̀: ọmọ tí wọn kò kọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ kò ní tìtorí ìyẹn jábọ́ nínú ìwé.

Nígbà tí ìlànà SQL ti 1992 jáde, ó mú ọ̀nà àbùjá kan wá tí ń jẹ́ NATURAL JOIN. Ẹ kò ní láti sọ kọ́lọ́ọ̀mù tó so tábìlì méjì pọ̀. Dátábéèsì á fúnra rẹ̀ wá gbogbo kọ́lọ́ọ̀mù tí orúkọ wọn bára mu, á sì fi gbogbo wọn so ó. Ó dùn ún gbọ́. Ká ní tábìlì méjèèjì ń pe nọ́ńbà commune ní commune_id, tí arrondissement sì ń pe nọ́ńbà tirẹ̀ ní arr_id, èèyàn á rò pé ó ti bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n nom náà bára mu. Dátábéèsì á ní kí commune_id dọ́gba, kí nom náà sì dọ́gba. Arrondissement 60 ló wà ní Collines. Mẹ́ta péré ni yóò jáde: Bantè ti Bantè, Glazoué ti Glazoué, Ouèssè ti Ouèssè. Gbogbo Savalou á pòórá tefétefé, torí arrondissement mẹ́ta tó wà nínú ìlú náà, Savalou-Aga, Savalou-Agbado àti Savalou-Attakè ni wọ́n kọ orúkọ wọn, kò sí èyí tó jẹ́ Savalou lásán. Mẹ́ta nínú 60, láìsí àṣìṣe kankan lójú ẹ̀rọ. Níbi tí a ti ń rò pé a yanjú ìjà orúkọ, a ti sọ ọ́ di òfin.

USING sàn jù ú lọ. Ẹ kọ USING (commune_id), ìyẹn nìkan ni yóò fi so ó, kọ́lọ́ọ̀mù náà á sì jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo dípò ẹ̀ẹ̀mejì. Nom ṣì wà níbẹ̀ tí a ní láti bójú tó.

Èyí tó gba ojú jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni LEFT JOIN. Ká ní àwọn commune mẹ́fà Collines, Bantè, Dassa-Zoumè, Glazoué, Ouèssè, Savalou àti Savè, ní láti fi ìròyìn ránṣẹ́ lóṣooṣù, a sì fẹ́ mọ ẹni tí kò tíì fi ránṣẹ́. A gbé communes sápá òsì, a gbé rapports sápá ọ̀tún. Nọ́ńbà commune wà lápá méjèèjì, nọ́ńbà kan náà ni, ẹni tí kò fara balẹ̀ á sì ní èyíkéyìí tí òun bá mú kò ṣe nǹkan. Ó ṣe nǹkan. Commune tí kò fi ìròyìn ránṣẹ́ kò ní ìlà kankan nínú rapports, òfìfo ni gbogbo apá ọ̀tún rẹ̀, títí kan nọ́ńbà rẹ̀. Ẹni tó bá mú nọ́ńbà apá ọ̀tún á rí àwọn tó ti fi ránṣẹ́ kedere, àwọn tó ń wá gan-an ni kò ní rí nọ́ńbà wọn. Ọwọ́ tó mọṣẹ́ á mú ti apá òsì láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ ni mo rí ọmọ Bantè yẹn tó ṣe é, ó sì ti kọjá sí ìlà tó kàn kí n tó rí ìdí rẹ̀.

Ọ̀kan ṣì kù tí mo ń pè ní ìkà. Ìbéèrè lè wà nínú ìbéèrè. Ẹnì kan fẹ́ yọ àwọn arrondissement kan kúrò, ó sì ti kó nọ́ńbà commune wọn sínú tábìlì kékeré kan tó ń jẹ́ a_supprimer:

DELETE FROM arrondissements
WHERE commune_id IN
  (SELECT commune_id FROM a_supprimer);

Ó gbàgbé pé code_commune lòun pe kọ́lọ́ọ̀mù náà nínú tábìlì kékeré. A ó rò pé dátábéèsì á ké. Kò ní ké. Bí SQL kò bá rí orúkọ kan nínú ìbéèrè inú, ó máa ń bọ́ síta lọ wá a, ó sì bá commune_id kan nínú arrondissements. Ó wá di pé ó ń béèrè lọ́wọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan bóyá nọ́ńbà rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú nọ́ńbà ara rẹ̀. Bí a_supprimer bá ti ní ìlà kan ṣoṣo nínú, gbogbo arrondissement tó ní nọ́ńbà commune lọ nìyẹn, 546 pátá. Lẹ́tà kan àti àmì tó tẹ̀ lé e ló ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó dára: FROM a_supprimer AS s, kí a sì kọ s.commune_id. Dátábéèsì á wá wo inú s nìkan, á ní kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, a ó sì rí àṣìṣe wa. Èyí ló jẹ́ kí àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ máa fi ìnagijẹ ṣáájú gbogbo kọ́lọ́ọ̀mù, àti èyí tí ìjà ń bẹ lórí rẹ̀ àti èyí tí kò sí. Wọ́n tún mọ̀ pé kọ́lọ́ọ̀mù tó dá wà lónìí lè ní ojúgbà lọ́la. Ẹnì kan á kàn fi kọ́lọ́ọ̀mù statut kún communes láìbá ẹnikẹ́ni sọ, ìbéèrè tó ti ń ṣiṣẹ́ látọjọ́ pípẹ́ á sì dá dúró, torí statut ti wà nínú arrondissements tẹ́lẹ̀.

Àwọn kan ní kí a gé ìjà náà kúrò láti gbòǹgbò: kí kọ́lọ́ọ̀mù máa jẹ́ com_nom àti arr_nom látìgbà tí a ti ń ṣe tábìlì, bí wọ́n ṣe fi Savalou ṣáájú Aga àti Agbado. Mi ò bá wọn jà. Àmọ́ ní tèmi, ó máa ń di ẹrù sí ọwọ́ ẹni tó ń lo tábìlì kan ṣoṣo, ẹni tó bá sì fi ìnagijẹ kún un á bá ara rẹ̀ níbi arr.arr_nom, tí ẹnì kan ń pe ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìnagijẹ kò sì lè gba ẹni tó fi orúkọ so tábìlì pọ̀ dípò nọ́ńbà. Nàìjíríà mọ èyí dáadáa: ìjọba ìbílẹ̀ Sùúrùlérè wà ní Èkó, ó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ifẹ́lódùn àti Ìrẹ́pọ̀dùn wà ní Kwara, wọ́n tún wà ní Ọ̀ṣun. Ẹ fi orúkọ nìkan so tábìlì méjì tó ní Sùúrùlérè méjì méjì, ìlà mẹ́rin ni yóò jáde, ọ̀kan nínú rẹ̀ á gbé ará Èkó lọ sí Ọ̀yọ́, òmíràn á sì gbé ará Ọ̀yọ́ wá sí Èkó.

Ọmọ Bantè yẹn ní ọ̀nà kan tó ń gbà dán ìwé rẹ̀ wò kó tó fi ránṣẹ́, tí mo rò pé kò sí ẹni tó lè ronú kàn án bí kò ṣe ọmọ ilẹ̀ náà. Bó bá ti mú gbogbo arrondissement Collines jáde, á ka ìlà tí àkọlé arrondissement àti ti commune ti gbé orúkọ kan náà. Mẹ́ta ló yẹ kó rí láàárín 60. Bí gbogbo 60 bá rí bẹ́ẹ̀, nom kan ti gbé nom kejì mì. Bí ó bá rí mẹ́ta, àmọ́ tí ìlà kankan kò sí lẹ́yìn wọn, NATURAL JOIN ti wọ̀ ọ́. Bí ó bá sì rí mẹ́rin, ẹnì kan ti gbé Ouèssè ti Savalou lọ fún commune Ouèssè, á sì lọ wá ibi tí wọ́n ti fi orúkọ ṣe iṣẹ́ nọ́ńbà.